Ẹ yọ ọwọ́ ọlọ́pàá kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa: Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn aṣòfin tí ilẹ̀ Yorùbá rán lọ sí Àbújá

Sí ẹ̀yin sẹ́nétọ̀ 18 àti ẹ̀yin aṣojú-ṣòfin 71 tí ìpínlẹ̀ Èkó, Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì ń rán lọ sí Àbújá. Kí ẹ̀yin tí Kwara àti Kogí rán, tí ẹ ń sọ èdè yìí nílé, má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn yín.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí ipò yín. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ìdí tí mo fi kọ Yorùbá sí ilé aṣòfin àpapọ̀, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé abala 55 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó máa fi ṣe iṣẹ́ ilé, àti Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá nígbà tí ètò tó yẹ bá ti wà fún un. N kò fẹ́ dúró de ètò náà. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí mo mú wá dá lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń bá ara wọn sọ lójoojúmọ́ lórí WhatsApp àti Facebook, Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dìbò fún yín fi ń sọ ọ́.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ó dá lórí abala 24 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ayélujára, èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù Èbìbí ọdún 2015, tí ilé yín tún ṣe, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sì buwọ́ lu àtúnṣe náà ní ọjọ́ 28 oṣù Èrèlé ọdún 2024. Mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ yọ ìpín (b) nínú ẹsẹ kìíní abala náà, èyí tó dá lórí irọ́ pípa lórí ayélujára, kúrò pátápátá, kí ohun tí ẹnìkan bá sọ nípa ẹlòmíràn lórí ayélujára lè padà di ẹjọ́ láàárín àwọn méjèèjì níwájú adájọ́, kí ọlọ́pàá sì yé dá sí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí a ti ń bọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì dé ilé náà ní ọdún 2015. Bí wọ́n ṣe kọ ìpín (b) abala 24 lákọ̀ọ́kọ́, ẹnikẹ́ni tó bá fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù fi ọ̀rọ̀ tó mọ̀ pé irọ́ ni ránṣẹ́, láti fi bí ẹlòmíràn nínú, láti fi ni ín lára, láti fi bú u, láti fi dá ìkórìíra sílẹ̀ tàbí láti fi kó àníyàn tí kò nídìí bá a, onítọ̀hún ti di ọ̀daràn tí adájọ́ lè rán lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí kí ó bu ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 7 náírà lé e, tàbí kí ó pa méjèèjì pọ̀ fún un. Ìpín (a) tilẹ̀ le ju èyí lọ, nítorí pé kò béèrè bóyá irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà tàbí òótọ́: bí ó bá ti lè bíni nínú gidigidi, ó ti tó. Gbogbo wa sì mọ̀ pé òótọ́ ni ó máa ń bí àwọn ẹni ńlá nínú jù.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Agẹmọ ọdún 2020, Ilé-ẹjọ́ ECOWAS, ti àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí kò jìnnà sí yín ní Àbújá níbẹ̀, dájọ́ pé abala náà tẹ ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lójú, ó sì ní kí Nàìjíríà pa á rẹ́ tàbí kí ó tún un ṣe. Ìjọba kò mira. Ní ọjọ́ 25 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ kan náà tún sọ ọ̀rọ̀ kan náà nínú ẹjọ́ tí SERAP, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan, pè. Ó tún tó bí ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn kí àtúnṣe tó jáde.

Ohun tí ẹ ṣe ní ọdún 2024 kì í ṣe kékeré, n kò sì ní jẹ́ kí ìbínú mú mi gbàgbé ọpẹ́. Ẹ yọ bíbíni-nínú kúrò, ẹ yọ èébú, ẹ yọ àníyàn tí kò nídìí. Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán ìṣekúṣe ní ìpín (a), àti ní ìpín (b), irọ́ tí ẹni tó sọ ọ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì sọ láti fi da òfin àti ètò ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí ẹnìkan sínú ewu. Ẹni tó bá kà á nínú ìwé yóò béèrè pé kí ni a tún ń fẹ́. Èmi náà ìbá béèrè bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé adájọ́ ni ó kọ́kọ́ ń ka òfin yìí. Ọlọ́pàá ni ó kọ́kọ́ ń kà á, ẹni tó gbé ìwé ẹ̀sùn wá bá ọlọ́pàá ni ó sì ń tọ́ka ibi tí yóò kà fún un.

Ẹ wo bí ó ṣe ń lọ. Ẹnìkan tó lówó lọ́wọ́ tàbí tó wà nípò rí ohun tí kò dùn mọ́ ọn nípa ara rẹ̀ lórí ayélujára. Bí ó bá lọ sí kóòtù láti pe ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́, òun ni yóò san owó agbẹjọ́rò, òun ni yóò dúró níwájú adájọ́ kí agbẹjọ́rò ẹnìkejì bi í léèrè bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀, ẹjọ́ náà sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ó bá kọ ìwé ẹ̀sùn sí ọlọ́pàá, ìjọba ni yóò bá a ru ẹrù náà, kò sì sí ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè tó le. Agbẹjọ́rò rẹ̀ yóò kàn kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́ dá rúgúdù sílẹ̀ nílùú, pé ẹ̀mí oníbàárà òun sì wà nínú ewu, nítorí pé ohun méjì yẹn ni ẹ fi sílẹ̀ nínú òfin. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ọlọ́pàá yóò ti gbéra. Wọn yóò gba fóònù ẹni náà, nítorí pé fóònù ni ẹ̀rí, gbogbo àwòrán ìdílé, ọ̀rọ̀ báńkì àti ọ̀rọ̀ àṣírí tó wà nínú rẹ̀ yóò sì di ohun tí àjèjì ń yẹ̀ wò. Wọ́n lè gbé e kúrò ní ìlú tó ń gbé lọ sí ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, kí àwọn ẹbí rẹ̀ wá máa sáré agbẹjọ́rò àti oníduùró kiri níbẹ̀. Kí béèlì tó jáde, kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí adájọ́ tó ka òfin náà dé ibi tí yóò ti rí i pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹni náà ti jìyà tán. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi iye àwọn tí kóòtù dá lẹ́bi wọn òfin yìí. Ìyà rẹ̀ kì í dúró de ìdájọ́.

Bóyá ẹni náà mọ̀ pé irọ́ ni òun ń sọ, èyí tó jẹ́ òpó tí gbogbo ìpín (b) dúró lé, kò sí bí ọlọ́pàá ṣe lè mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ tó lọ mú un. Ohun tó wà nínú ọkàn ni, ẹ̀rí àti ìbéèrè inú kóòtù nìkan ni ó lè gbé e jáde. Òfin tó jẹ́ pé ìparí ẹjọ́ nìkan ni a fi lè mọ̀ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ wà, tó sì jẹ́ kí wọ́n ti èèyàn mọ́lé ní ìbẹ̀rẹ̀, òfin yẹn ti dojú rú.

Àtúnṣe yín kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí a fi rí bí wọn yóò ṣe máa lò ó. Ní ọjọ́ 1 oṣù Èbìbí ọdún 2024, wọ́n mú Daniel Ojukwu, akọ̀ròyìn ilé-iṣẹ́ ìròyìn aṣèwádìí FIJ, ní Èkó. Àwọn ẹbí àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ wá a kí wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni ó wà, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí Àbújá. Ìròyìn tó kọ nípa bí wọ́n ṣe ná owó ìjọba ni ó fà á, Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ayélujára ni wọ́n sì dárúkọ. Ọjọ́ 10 oṣù náà ni ó tó jáde. Abala 35 nínú ìwé òfin wa ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n bá mú dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà ní ìwọ̀n kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú un, láàárín ọjọ́ méjì bí kò bá sí. Ṣé kóòtù wọ́n ní Èkó ni?

Ẹjọ́ tó ká wa lára jù nílẹ̀ Yorùbá ni ti agbẹjọ́rò Délé Fárótìmí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 2024, àwọn ọlọ́pàá láti Èkìtì wá mú un ní Èkó, wọ́n sì gbé e lọ sí Adó-Èkìtì, lórí ẹ̀sùn pé ó ba Olóyè Afẹ́ Babalọlá lórúkọ jẹ́ nínú ìwé kan tó kọ àti nínú ọ̀rọ̀ tó sọ lórí ayélujára. Ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́ wà ní kóòtù májísíréètì, ẹ̀sùn ti ayélujára wà ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀. Ọjọ́ 24 oṣù náà, tí Kérésìmesì ku ọ̀la, ni ó tó kúrò lẹ́wọ̀n. N kò wí pé ohun tó kọ tọ̀nà, n kò sì wí pé kò tọ̀nà. Bàbá àgbà tó dá yunifásítì sílẹ̀, tó ti ń ṣe iṣẹ́ òfin láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ wa kò tíì dáyé, ní ẹ̀tọ́ bíi ti ẹnikẹ́ni láti dáàbò bo orúkọ rẹ̀ níwájú adájọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025, Ọ̀ọ̀ni Ifẹ̀ àti àwọn ọba míì lọ bẹ bàbá náà ní Adó-Èkìtì, bàbá sì gbà láti jáwọ́. Inú mi dùn sí ohun tí àwọn kábíyèsí ṣe. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn lè fi jini ní ìjókòó kan níwájú ọba, ṣé ẹjọ́ ọ̀daràn ni lóòótọ́? Bí adigunjalè bá wọlé ẹnìkan, kò sí ọba tí yóò lọ bẹ onílé pé kí ìjọba má wulẹ̀ pe olè lẹ́jọ́ mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ètò ìlú ni ọ̀rọ̀ Fárótìmí fẹ́ dà rú gẹ́gẹ́ bí òfin yín ṣe wí, ìdáríjì ẹnìkan kò lè tún un tò. Àwọn ọba rí i, bàbá fúnra rẹ̀ rí i, pé aáwọ̀ láàárín ẹni méjì ni. Òfin nìkan ni kò rí i.

Kí ẹ má bàa rò pé agbẹjọ́rò àti akọ̀ròyìn nìkan ni ó kàn, ẹ rántí oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí obìnrin oníṣòwò kékeré kan kọ ọ́ sórí Facebook pé tòmátò kan tí òun rà dùn jù, pé ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe tòmátò náà ní irọ́ ni ó pa, pé ó fẹ́ ba ọjà àwọn jẹ́, ni ọlọ́pàá bá mú un ní Èkó, wọ́n gbé e lọ sí Àbújá, wọ́n sì fi òfin ayélujára kàn án. Tòmátò! Ìyá tó ń ta ata ní ọjà Bódìjà mọ̀ pé oníbàárà lè ra ata òun, kí ó dé ìsọ̀ kejì kí ó ní ata náà kò ta, ohun tí ìyá náà yóò sì ṣe kò ju pé kí ó pariwo ata rẹ̀ sókè sí i lọ. Mo mọ̀ pé abala 24 àtijọ́ ni ó wà nílẹ̀ nígbà náà. Ẹ bi ara yín bóyá ìwé ẹ̀sùn irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lónìí pẹ̀lú gbólóhùn tuntun tí ẹ kọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé òfin tó yẹ kí ó dá ọlọ́pàá dúró wà nílẹ̀. Òfin Ìṣàkóso Ẹjọ́ Ọ̀daràn ti ọdún 2015 sọ ọ́ ní abala 8, Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 tún un sọ ní abala 32, pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí aáwọ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn tàbí nítorí àdéhùn tó yẹ̀. Ilé aṣòfin àpapọ̀ kan náà ni ó ṣe òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Níwọ̀n ìgbà tí ìpín (b) bá ṣì wà, ọlọ́pàá yóò máa ní ohun tí yóò fi dáhùn pé aáwọ̀ kọ́ ni òun tìtorí rẹ̀ wá, ọ̀ràn ayélujára ni.

Irú òfin báyìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn òyìnbó amúnisìn ṣe òfin ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ fún wa ní ọdún 1909. Ní ọdún 1916 wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ rán James Bright Davies, olóòtú ìwé ìròyìn ní Èkó, lọ sí ẹ̀wọ̀n, ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni. Ní ọdún 1928, Herbert Macaulay fi ẹ̀wọ̀n oṣù 6 jura nítorí pé ìwé ìròyìn rẹ̀ gbé ahesọ jáde pé wọ́n fẹ́ pa Elékòó Èṣúgbàyí, ọba Èkó tí ìjọba lé kúrò nílùú. Ẹ kíyè sí i pé ahesọ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ mú un, irọ́ tó lè da ìlú rú, gẹ́gẹ́ bí àwọn aláṣẹ ìgbà náà ṣe wò ó. Lónìí, a ti sọ òpópónà ní orúkọ Macaulay, àwòrán rẹ̀ sì wà lórí ẹyọ owó náírà kan. Nígbà tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari gbé Decree 4, òfin tó ká àwọn oníròyìn lọ́wọ́ kò, jáde ní ọdún 1984, wọ́n ju Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn The Guardian sẹ́wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bu ìtanràn 50,000 náírà lé ilé-iṣẹ́ wọn. Àwọn kan wà nínú yín tí wọ́n máa ń fi ìjà tí wọ́n bá ológun jà nígbà náà yangàn bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń retí kí ẹ kọ́kọ́ dìde.

Bí ẹ bá sì ní àṣà wa kò fàyè gba kí ọmọdé máa sọ̀rọ̀ sí àgbà, ẹ̀yin tí ẹ ti Ìbàdàn wá kò lè bá mi jiyàn lórí ọdún Òkèbàdàn. Ní ọjọ́ náà, kò sí olówó tàbí olóyè tí wọn kò lè fi kọrin, orin náà kì í sì í ṣe èyí tí a lè kọ sínú lẹ́tà. Ní Kétu àti ní Ẹ̀gbádò, òru Ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n máa ń tú àṣírí ọba àti ìjòyè tó bá hùwà àìtọ́, etí wọn ni wọ́n sì fi ń gbọ́ ọ. Ọba kì í pọ̀kọrin. Àwọn baba wa mọ̀ pé ó sàn kí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ju kí ó jẹrà sínú ìlú lọ.

Àwọn amòfin inú yín yóò rán mi létí pé kóòtù tiwa ti fọwọ́ sí òfin náà. Bẹ́ẹ̀ ni. Agbẹjọ́rò Solomon Okedara pe abala 24 lẹ́jọ́, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sì dájọ́ ní ọdún 2019 pé kò tako ìwé òfin ilẹ̀ wa. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Ilé-ẹjọ́ ECOWAS sọ pé ó tako àdéhùn tí Nàìjíríà fọwọ́ sí. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa òfin Nàìjíríà rẹ́, kò sì sí ọlọ́pàá kankan tí yóò ṣí ìdájọ́ rẹ̀ wò kí ó tó jáde lọ mú èèyàn. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè tú ohun tí ẹ so.

Ọ̀rọ̀ inú abala 24 àkọ́kọ́, títí dórí àníyàn tí kò nídìí, fara jọ òfin ìbánisọ̀rọ̀ tí Bìrìtìkó ṣe ní ọdún 2003 gidigidi, àfi pé oṣù 6 ni ẹ̀wọ̀n tó pọ̀ jù níbẹ̀, àwa sì sọ ọ́ di ọdún 3. Ní ọdún 2023, àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ fúnra wọn fi òfin tuntun rọ́pò apá tó jẹ mọ́ irọ́ ní Ẹ́ńgíláǹdì àti Wales, wọ́n sì ní ó di ìgbà tí ẹni tó pa irọ́ bá ní i lọ́kàn láti ṣe ẹlòmíràn ní ìpalára gidi. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Íńdíà fagi lé irú rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2015, oṣù méjì péré kí Ààrẹ Jonathan tó buwọ́ lu tiwa. Kóòtù Kẹ́ńyà fagi lé tiwọn ní ọdún 2016, ti Ùgáńdà tẹ̀ lé e ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023.

Mo mọ àtakò tó lágbára jù tí ẹ lè gbé dìde, n kò sì fẹ́ fò ó dá: irọ́ orí ayélujára ń pa èèyàn. Ní oṣù Ògún ọdún 2014, nígbà tí Ebola wà ní Èkó, iṣẹ́ kan gba orí fóònù gbogbo wa kan pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ó sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn, ìròyìn sì jáde pé àwọn kan kú. Ó yẹ kí a bi ara wa pé ta ni ìpín (b) ìbá mú. Kì í ṣe àwọn ìyá àti ẹ̀gbọ́n tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí wa, nítorí pé wọ́n gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi fi í ránṣẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, ta ni ó mọ̀ ọ́n? Ohun tó wúlò lọ́jọ́ náà ni pé àwọn dókítà àti ilé-iṣẹ́ ìlera yára jáde sórí rédíò láti sọ pé irọ́ ni. Irọ́ tó lè pa ìlú lára kì í sábà ní orúkọ ẹni tó pa á lẹ́yìn, orúkọ àwọn akọ̀ròyìn àti àwọn tó ń ṣàríwísí sì máa ń wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọn. Ìdí nìyí tí òfin náà fi ń rí àwọn wọ̀nyí mú tí kì í rí àwọn yẹn.

N kò sọ pé kí ayélujára di ibi tí kò ti sí òfin. Ẹni tó bá fi fóònù halẹ̀ pé òun yóò pa ẹlòmíràn tàbí pé òun yóò jí ọmọ rẹ̀ gbé, ẹsẹ kejì abala 24 ti wà fún un, kí ó sì máa wà bẹ́ẹ̀. Ti àwòrán ìhòòhò ni mo rò pé ẹ kò ṣe tó. Bí ìpín (a) ṣe wà báyìí, ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe tí tọkọtaya fi ránṣẹ́ sí ara wọn láàárín òru lè di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, bẹ́ẹ̀ òfin náà kò dárúkọ ohun tó ń ba ayé àwọn ọmọbìnrin wa jẹ́ gan-an, ìyẹn kí ọkùnrin tí wọ́n ti fẹ́ra sílẹ̀ gbé àwòrán ìhòòhò wọn sórí ayélujára láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin pé àìgbàṣẹ ni ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni agbára ọlọ́pàá ti wúlò, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tó bá sì gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lónìí, wọn yóò kọ́kọ́ bi í pé kí ló dé tó ya àwòrán náà.

Nígbà tí ẹ bá ń gbé àbádòfin náà wá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi í sínú rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni lórí ohun tó bá kù nínú ẹsẹ kìíní abala 24 láìjẹ́ pé adájọ́ fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, pé wọn kò gbọdọ̀ gbé e kúrò ní ìpínlẹ̀ tó ń gbé, àti pé wọn kò gbọdọ̀ tú inú fóònù rẹ̀ láìgba àṣẹ kóòtù. Èyí tó wà láàárín ni ó ṣe pàtàkì jù lójú mi. Láti Èkó sí Àbújá jìn fún ẹni tí kò ní nǹkan kan, àwọn tó ń kọ ìwé ẹ̀sùn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Tí ẹ bá pe ìjókòó ìtagbangba lórí àbádòfin náà, ẹ má ṣe é ní Àbújá nìkan. Ẹ wá sí Adó-Èkìtì àti Abẹ́òkúta, kí àwọn tí òfin náà ti gbá mú lè fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí ojú wọn rí.

Ohun kan wà tí kò nílò àbádòfin rárá. Ẹ ní ìgbìmọ̀ tó ń mójútó ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ní ilé méjèèjì. Ẹ ní kí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá kọ iye èèyàn tí wọ́n ti mú lábẹ́ abala 24 láti ọjọ́ 28 oṣù Èrèlé ọdún 2024 ránṣẹ́ sí yín, kí ó ya iye àwọn tó dé kóòtù sọ́tọ̀, àti iye àwọn tí kóòtù dá lẹ́bi, àti iye àwọn tí ẹni tó fẹ̀sùn kàn wọ́n kàn jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn, kí ó sì sọ iye ọjọ́ tí ẹnìkọ̀ọ̀kan lò ní àtìmọ́lé. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tẹ èsì rẹ̀ síta kí gbogbo wa kà á. Lẹ́tà olójú-ìwé kan ti tó fún èyí, ẹ sì lè kọ ọ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Olùdìbò kan láti Ìbàdàn